Ìjà Gidi Tí Wọ́n Tọ́jú Sínú Eré

Kò sí ọmọ tó wá kọ́ ìjàkadì lọ́dọ̀ mi tí kì í bi mí ní ìbéèrè kan náà: “Kóòṣì, rẹ́sílìn tí wọ́n ń ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n yẹn, ṣé òótọ́ ni àbí eré?” Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ìjàkadì sì wà nínú oríkì ìlú wa. N kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé eré ni, ṣùgbọ́n inú eré náà gan-an ni wọ́n tọ́jú ìjà gidi sí fún bí àádọ́rin ọdún, nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ san owó láti wo ìjà gidi. MMA tí gbogbo ayé ń wò lónìí, níbi tí ẹni tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, ẹni tó ń ta ìpá àti ẹni tó ń jìjàkadì ti ń pàdé nínú àhámọ́ kan, inú ilé rẹ́sílìn ni wọ́n ti bí i. Ẹni tó ń yin MMA tó sì ń fi rẹ́sílìn ṣẹ̀sín, ọmọ ló ń yìn, ó ń bú bàbá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdè ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe amọ̀nà wa nínú ìtàn yìí. Bí mo ṣe ń fi í han àwọn ọmọ lórí ẹní ìjàkadì nìyí. Ẹnìkejì rẹ kọjú sí ọ. Fi ọwọ́ òsì rẹ di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú ṣinṣin. Na ọwọ́ ọ̀tún rẹ kọjá lórí èjìká rẹ̀, gba ẹ̀yìn apá rẹ̀ wọlé, kí o wá fi di ọrùn ọwọ́ òsì tìrẹ mú. Apá rẹ̀ ti há sáàárín apá rẹ méjèèjì báyìí. Fa ìgúnpá rẹ̀ mọ́ àyà, má ṣe jẹ́ kí àlàfo wà, kí o wá máa yí ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn, sókè, bí ẹni fẹ́ kí ó fi ọwọ́ náà yún ìpàkọ́ ara rẹ̀. Kò gba agbára. Ọmọ tínńtín lè fi mú géńdé. Bí ọwọ́ náà bá ti dé ibì kan, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ẹni náà á sì yára fi ọwọ́ kejì gbá ilẹ̀ pé òun gbà. Bí kò bá gbá ilẹ̀, apá á yẹ̀ tàbí kí ó kán. Jẹ́jẹ́ ni mo máa ń ní kí wọ́n ṣe é, nítorí ìdè yìí kì í kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìlú Wigan, tó wà ní ẹkùn Lancashire nígbà náà, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìlú èédú àti òwú ni láyé ìgbà yẹn. Àwọn awakùsà á gòkè láti inú kòtò èédú, wọn á bọ́ aṣọ, wọn á sì jà fún owó tẹ́tẹ́ tí àwọn ará àdúgbò bá dá. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹ̀yìn ẹni bá ti balẹ̀, ìjà parí. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọn á máa bá a lọ nílẹ̀ títí èjìká ẹnìkan méjèèjì á fi lẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí títí á fi ké pé ó tó. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe di ọ̀gá nínú ìdè ọwọ́, ìdè ẹsẹ̀ àti ìdè ọrùn. Billy Riley, tí wọ́n bí ní 1896, ló ṣí ibi ìkọ́ṣẹ́ kan síbẹ̀. Ahéré lásán ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kàn ká ayé: Kòtò Ejò ni wọ́n ń pè é. Bí alẹ́ bá lẹ́, àwọn ọmọ Riley á lọ sí gbọ̀ngàn ìlú, wọn á ṣe rẹ́sílìn tí wọ́n ti mọ ẹni tí yóò borí kí wọ́n tó kúrò nílé. Owó ibẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Bí wọ́n bá padà sórí ẹní Riley, kò sí eré níbẹ̀ mọ́. Ìrora ni olùkọ́, ẹni tí kò bá sì lè fara dà á á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kí ló dé tí ìjà gidi fi di eré? Owó ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ìjàkadì gidi ń pe èrò ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1908, Frank Gotch, ọmọ àgbẹ̀ láti Iowa, borí George Hackenschmidt ní Chicago lẹ́yìn wákàtí méjì. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní 1911, èrò rẹpẹtẹ ló wọ pápá Comiskey Park wá wò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀mọ̀ràn méjì bá wọ̀yá ìjà, ó lè má dùn-ún wò. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1916, Joe Stecher àti Ed Lewis, tí wọ́n ń pè ní Strangler, jà ní Omaha fún bíi wákàtí márùn-ún. Kò sí ẹni tó borí. Ta ni yóò tún fi owó rẹ̀ ra irú ìjókòó bẹ́ẹ̀? Ní àwọn ọdún 1920, Lewis fúnra rẹ̀, pẹ̀lú manájà rẹ̀ Billy Sandow àti ọ̀rẹ́ wọn Toots Mondt, gbé ètò mìíràn kalẹ̀. Wọ́n fi àkókò sí ìjà, wọ́n mú kí ó yá, wọ́n da fífò àti ẹ̀ṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ń fi ẹnu kò lórí ẹni tí yóò borí kí agogo tó dún. Bí rẹ́sílìn tí a mọ̀ lónìí ṣe fìdí múlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tí kò jẹ́ kí ìmọ̀ náà kú. Bí o bá di bẹ́líìtì mú, tí ìwọ àti ẹnìkejì sì ti ṣe àdéhùn pé ìwọ ni wàá borí, kí ló máa dá a dúró bí ó bá dalẹ̀ nínú ríìngì, tó pinnu láti nà ọ́ ní tòótọ́ lójú èrò? Kò sí kóòtù tí o lè pè é lọ. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá máa gbé bẹ́líìtì lé lọ́wọ́ ní láti mọ ìjà tí yóò fi gba ara rẹ̀ là. Àwọn tó ń gbé eré náà kalẹ̀ sì máa ń tọ́jú ògbójú oníjàkadì kan tàbí méjì sí ìtòsí, irú àwọn tó lè yẹ apá ènìyàn bí ọ̀rọ̀ bá di ti ìkanra. Eré náà kò lè dá dúró láìsí ìjà gidi tó ń ṣọ́ ọ. Ohun tí wọn kì í sọ fún òǹwòran nìyẹn.

Ìdè ọwọ́ yẹn gba ọ̀nà mìíràn dé Brazil. Mitsuyo Maeda, ọmọ Japan tó kọ́ jùdó ní Kodokan ní Tokyo, kúrò nílé ní 1904 lọ sí Amẹ́ríkà. Owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún owó. Ó jà ní London, ní Spain, ní Cuba, ní Mexico, pẹ̀lú àwọn oníjàkadì orí ìtàgé. Orúkọ orí ìtàgé, Conde Koma, ni òun náà ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo oníṣẹ́ rẹ́sílìn ṣe máa ń ní orúkọ ìnagijẹ. Ní 1914, ó dé Brazil, ó sì fi ìlú Belém ṣe ilé. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Carlos Gracie ti kọ́ṣẹ́. Carlos àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló dá jíù-jítsù ìdílé Gracie sílẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ ìtàn ìdílé yìí bí ẹni pé orí òkè mímọ́ ni ìmọ̀ wọn ti wá. Ọwọ́ ẹni tó ń jà lórí ìtàgé nítorí oúnjẹ ni wọ́n ti gbà á, kò sì sí àbùkù kankan nínú ìyẹn.

Lọ́dún 1951, àgbà ọ̀jẹ̀ kan nínú jùdó, Masahiko Kimura, náà dé Brazil. Ní Japan, wọ́n gbà pé kò sí oníjùdó tó lágbára tó o rí. Ṣùgbọ́n Ogun Àgbáyé Kejì ti ba ayé jẹ́, ikọ́ ife ń ṣe ìyàwó rẹ̀, oògùn sì wọ́n. Iṣẹ́ rẹ́sílìn ló gbé Kimura wá sí Brazil. Hélio Gracie, àbúrò Carlos, pè é níjà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ní pápá Maracanã ní Rio de Janeiro, Kimura gbé Hélio ṣánlẹ̀ léraléra, ó sì dè é ní ìdè ọwọ́ tí mo ṣàlàyé lókè yìí. Apá Hélio kán. Kò gbá ilẹ̀. Kimura tún yí i sí i. Carlos ló ju aṣọ ìnura wọ inú ríìngì kí àbúrò rẹ̀ má baà di aláàbọ̀ ara. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Brazil ti ń pe ìdè yẹn ní Kimura, orúkọ náà ni gbogbo oníjà MMA sì mọ̀ ọ́n sí lónìí.

Àwọn ọmọ Japan fúnra wọn, ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, ń wá akọni tí yóò fọ ìtìjú ogun nù fún wọn. Rikidozan ni wọ́n rí. Ọmọ Korea ni, ó ti jà sumo rí, ó sì dá ẹgbẹ́ rẹ́sílìn sílẹ̀ ní 1953. Tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì máa ń rọ́ lọ sí ojú pópó láti wò ó bó ṣe ń na àwọn òyìnbó gìrìwò. Ní oṣù Kejìlá 1954, òun àti Kimura pàdé ní Tokyo. Kimura sọ pé àdéhùn wọn ni kí ẹnikẹ́ni má borí. Láàárín ìjà, Rikidozan dalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ àti ọwọ́ líle lu Kimura ní tòótọ́, títí ẹ̀jẹ̀ fi bo kánfáàsì. Ohun tí mo sọ ṣáájú nípa àìsí kóòtù nínú ríìngì, ẹ ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀yìn Rikidozan ló wá so gbogbo okùn náà pọ̀. Antonio Inoki ni. Yokohama ni wọ́n ti bí i ní 1943, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Brazil, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lóko kọfí. Rikidozan rí i níbẹ̀ ní 1960, ó sì mú un padà sí Japan. Lẹ́yìn tí ọ̀gá rẹ̀ kú ní 1963, nítorí ọ̀bẹ tí ọmọ ìta kan fi gún un nílé fàájì, Inoki ń bá iṣẹ́ lọ, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, New Japan, sílẹ̀ ní 1972.

Karl Gotch ni olùkọ́ tó gbára lé. Ọmọ Belgium ni Gotch, Karel Istaz ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ó ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú ìjàkadì ní Òlíńpíìkì London ní 1948. Ó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n jà, àfi ìgbà tó dé Kòtò Ejò ní Wigan tí àwọn ọmọ Riley fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹní. Ó jókòó tì wọ́n, ó sì kọ́ ọ. Ní Japan, wọ́n ń pè é ní ọlọ́run rẹ́sílìn. Ọ̀nà tó fi ń kọ́ ènìyàn le. Á da páálí káàdì kan dojú bolẹ̀. Oríṣi káàdì kọ̀ọ̀kan ní eré ìmárale tirẹ̀: òmíràn fún ìdọ̀bálẹ̀-dìde, òmíràn fún ìlóṣòó-dìde. Iye tó bá wà lórí káàdì tí o ṣí ni wàá ṣe, o kò ní sinmi títí páálí náà á fi tán. Èmi náà ń lò ó fún àwọn ọmọ mi títí dòní. Káàdì kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, kò sì sí ọmọ tó lè sọ pé kóòṣì kórìíra òun.

Inoki fẹ́ kí ayé mọ̀ pé rẹ́sílìn lágbára ju gbogbo ìjà yòókù lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníjà oríṣiríṣi. Ní oṣù Kejì 1976, ó jà pẹ̀lú Willem Ruska, ọmọ Netherlands tó gba góòlù méjì nínú jùdó ní Òlíńpíìkì Munich. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ó pàdé Muhammad Ali ní gbọ̀ngàn Budokan ní Tokyo. Ali yìí kan náà tó wá sí Nàìjíríà ní 1964, tí àwọn bàbá wa rọ́ jáde lọ pàdé. Mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ni wọ́n ṣèlérí fún un. Agogo dún, Inoki sáré, ó sùn sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta Ali ní ìpá lójúgun. Abala mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tí Ali ráyè jù kò ju mélòó kan lọ. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Òǹwòran bínú, wọ́n sọ ìdọ̀tí sínú ríìngì, wọ́n ní wọ́n lu àwọn ní jìbìtì. Ẹsẹ̀ Ali wú débi pé ilé ìwòsàn ló bá ara rẹ̀.

Ojú tí mo fi ń wo ìjà yẹn yàtọ̀ sí tiwọn. Ìjà tí wọ́n bá ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í burú tó bẹ́ẹ̀. Wọn á fi iyọ̀ sí i kí ó dùn. Èyí kò dùn nítorí pé kò sí ètò. Inoki mọ̀ pé bí òun bá dúró, Ali á kàn òun ní ẹ̀ṣẹ́. Ali mọ̀ pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Inoki á dè òun. Gbogbo ohun tí a ń rí nínú MMA lónìí, bí akànṣẹ́ ṣe ń sá fún ilẹ̀ àti bí oníjàkadì ṣe ń wá ilẹ̀, ti wà nínú ìjà tí wọ́n hó lé lórí yẹn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Inoki lọ sí Karachi ní Pakistan láti jà pẹ̀lú Akram, ọmọ ìdílé oníjàkadì tó lókìkí níbẹ̀. Ìkanra wọ inú ìjà náà. Inoki dè é ní ìdè ọwọ́ tí Gotch kọ́ ọ, apá Akram sì kán lójú àwọn ará ìlú rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tí Gotch àti Inoki tọ́ kò fẹ́ fi ohun tí wọ́n mọ̀ pamọ́ mọ́. Ní 1984, àwọn kan lára wọn, Akira Maeda, Yoshiaki Fujiwara, Nobuhiko Takada àti Satoru Sayama, bọ́ sínú ẹgbẹ́ tuntun kan, UWF. Wọ́n ṣì ń mọ ẹni tí yóò borí, ṣùgbọ́n wọ́n mú fífò àti ìranù kúrò, wọ́n fi ìpá tó dún àti ìdè tòótọ́ rọ́pò wọn. Sayama ni ó kọ́kọ́ rìn jìnnà jù. Òun ni ọmọdé Japan mọ̀ sí Tiger Mask, tó ń fò bí ológbò pẹ̀lú ìbòjú ẹkùn lójú. Ó bọ́ ìbòjú, ó kúrò lágbo eré, ó sì dá Shooto sílẹ̀, ìjà tó ní òfin, tó ní ìwọ̀n ara, tí kò sì ní àdéhùn nínú. Nígbà tí ẹgbẹ́ UWF tí wọ́n tún dá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ sí Tokyo Dome ní oṣù Kọkànlá 1989, bí ọ̀kẹ́ mẹ́ta èrò ló wá. Ọjà ìjà gidi ti ṣí padà.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 1993, Masakatsu Funaki àti Minoru Suzuki, àwọn ọmọ ọwọ́ Fujiwara àti Gotch, ṣí Pancrase. Bàtà rẹ́sílìn gígùn ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Òfin rẹ́sílìn ṣì wà: bí wọ́n bá dè ọ́, tí o sì na ọwọ́ kan okùn ríìngì, wọ́n gbọ́dọ̀ tú ọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wàá pàdánù máàkì. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà: kò sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò borí. Àwọn èrò tí ojú wọn ti mọ́ ìjà gígùn jókòó, wọn kò sì tíì fara rọ àga dáadáa tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Ìjà márùn-ún alẹ́ ọjọ́ náà, bí a bá ro wọ́n pọ̀, kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá lọ. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Ken Shamrock, borí Funaki tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀.

Oṣù méjì kò tíì pé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 1993, tí wọ́n fi ṣe UFC àkọ́kọ́, ìdíje MMA, ní Denver. Shamrock wà níbẹ̀. Royce Gracie, ọmọ Hélio, náà wà níbẹ̀, ó sì fún Shamrock lọ́rùn láìpẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, òun ló sì gba ife ẹ̀yẹ. Ẹ wo ìran àwọn méjèèjì. Royce gba tirẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó gbà á lọ́wọ́ Carlos, tó gbà á láti ọwọ́ Maeda tó ń jẹ́ Conde Koma lórí ìtàgé. Shamrock gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Funaki, tó gbà á láti ọwọ́ Gotch, tó gbà á ní Kòtò Ejò. Ẹ̀ka ìdílé rẹ́sílìn méjì ló pàdé nínú àhámọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn òǹwòran sì rò pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ni.

Ìdílé Gracie ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kejìlá 1994, Yoji Anjo, oníṣẹ́ rẹ́sílìn láti Tokyo, wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Los Angeles láti pe Rickson Gracie níjà nínú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Rickson lù ú títí ojú rẹ̀ fi yí padà. Ní oṣù Kẹwàá 1997, Takada, ọ̀gá Anjo, lọ gbẹ̀san nínú ìdíje PRIDE àkọ́kọ́ ní Tokyo Dome. Rickson dè é kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Àwọn ará Japan sunkún ní gbangba. Wọ́n ní akọni tí wọ́n ti ń yìn láti ọdún yìí wá, òfìfo ni.

Kazushi Sakuraba ló bá wọn nu omijé yẹn. Ọmọ iṣẹ́ ni ní ẹgbẹ́ Takada, níbi tí Billy Robinson, ọmọ Kòtò Ejò láti Wigan, ti kọ́ ọ ní ìdè ọwọ́. Ní oṣù Kejìlá 1997, UFC wá sí Yokohama, Sakuraba sì borí Marcus Silveira, ẹni tó sanra jù ú lọ fíìfíì. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé òótọ́ ni, rẹ́sílìn lágbára.

Ẹnìkan tó ń gbé ní Yokohama ló máa ń kó kásẹ́ẹ̀tì PRIDE wá fún mi bí ó bá wálé fún Kérésì. Èmi àti àwọn ọmọ á dá owó epo jẹnẹrétọ̀, a ó sì jókòó tì í. Ní oṣù Kọkànlá 1999, Sakuraba fi ìdè ọwọ́ yẹn mú Royler, ọmọ Hélio, rẹfirí sì dá ìjà dúró. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2000, ó pàdé Royce ní Tokyo Dome. Àwọn Gracie ló ní kí ìjà náà má ní òpin. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi jà á, lẹ́ẹ̀mẹfà, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú gbáko, títí ẹsẹ̀ Royce kò fi gbé e mọ́, tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi ju aṣọ ìnura sílẹ̀. Sakuraba sinmi díẹ̀, ó tún padà wá jà pẹ̀lú ẹlòmíràn lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ní oṣù Kẹjọ, ó kan Renzo, ọmọ ọmọ Carlos. Renzo wà lẹ́yìn rẹ̀, ó dì mọ́ ọn. Sakuraba di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí ara padà lórí ìdúró, ó sì fi ìdè náà dá a sílẹ̀. Ìgúnpá Renzo yẹ̀. Òun náà kò gbá ilẹ̀, bí Hélio kò ṣe gbá ilẹ̀ ní Maracanã. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì dúró níbẹ̀, mo sì ní kí àwọn ọmọ wo ọwọ́ Sakuraba dáadáa: ọwọ́ òsì níbí, ọwọ́ ọ̀tún níbí, ìgúnpá mọ́ àyà. Ohun tí mo ti ń kọ́ wọn ni.

Èyí kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá ti wọ bàtà rẹ́sílìn ló lè jà. Inoki fúnra rẹ̀ ṣi ìyẹn mú lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Ó ń ti àwọn ọmọ New Japan tí kò múra sílẹ̀ lọ pàdé àwọn oníjà gidi. Yuji Nagata, oníṣẹ́ rẹ́sílìn gidi, gba ìpá Mirko Cro Cop lórí ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2001, ìjà sì parí ní ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógún. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Fedor Emelianenko tún lù ú. Àwọn òǹwòran New Japan bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ, Inoki sì ta ẹgbẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2005. Ìmọ̀ tó gba Sakuraba là kò wà nínú orúkọ rẹ́sílìn, inú ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ lórí ẹní ló wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà. Brock Lesnar, tó ti gba bẹ́líìtì ní ẹgbẹ́ rẹ́sílìn WWE ní 2002, kọjá sí UFC, ó sì gba bẹ́líìtì àwọn abara-ńlá lọ́wọ́ Randy Couture ní 2008. Ìjàkadì yunifásítì tó ti borí ní 2000 ló gbé e débẹ̀. CM Punk, tí òun náà lókìkí ní WWE, kò ní irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2016, ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní UFC kò ju ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ lọ tí wọ́n fi fún un lọ́rùn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, àwọn olówó so UFC àti WWE pọ̀ di ilé-iṣẹ́ kan, TKO. Bàbá àti ọmọ tún ń gbé abẹ́ òrùlé kan.

Àwọn ọmọ wa wà nínú ilé náà lápá méjèèjì. Tolulope Omogbehin, tí wọ́n bí ní Èkó, ni gìrìwò tí WWE ń pè ní Omos. Bẹ́líìtì ló gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó jà ní WrestleMania ní 2021. Israel Adesanya, ọmọ Èkó pẹ̀lú, gba bẹ́líìtì UFC ní 2019. Ní oṣù Keje 2022, ní Las Vegas, ó fẹ́ jà pẹ̀lú Jared Cannonier. Iná kú, agogo òkú dún, Adesanya sì jáde pẹ̀lú fìlà dúdú gẹ̀rẹ̀jẹ̀ lórí àti ìkòkò eérú òkú lọ́wọ́, bí Undertaker ṣe máa ń jáde nínú rẹ́sílìn tó ń wò lọ́mọdé. Àwọn kan ní ó ń ṣe àṣejù. Èmi gbóríyìn fún un. Ó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ó sì júbà.

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí ni pé àwa náà ní ìmọ̀ tó fẹ́ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn àgbà kan wà ní Ọ̀fà, wọ́n sì wà ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá mìíràn, tí wọ́n mọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ènìyàn àti bí a ṣe ń fi ìdí gbé e kúrò nílẹ̀, lọ́nà tí n kò rí nínú ìwé kankan. Ẹ̀jẹ̀ náà ṣì wà lára àwọn ọmọ wa: Odunayo Adekuoroye gba góòlù ìjàkadì nínú ìdíje Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yẹn ń lọ níkọ̀ọ̀kan, wọn kò sì rí ẹni kọ́, nítorí pé kò sí owó níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Wigan ni pé ìmọ̀ tí kò bá bọ́ ẹni tó ni ín kì í pẹ́ láyé, àti pé eré lè bọ́ ọ. Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tó ń ṣètò ọjọ́ ìlú àti ọdún ìbílẹ̀: ẹ mú ìjàkadì padà sí ojú agbo. Ẹ jẹ́ kí ìlù dún, kí wọ́n ki oníjàkadì bí ó ṣe ń wọlé, kí ó wọ aṣọ tó ń tàn, kí ó fọ́nnu, kí ó jó. Ẹ gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá tó wá jókòó níwájú. Ẹ fi owó yẹn san àgbà tó mọ̀ ọ́n, kí ó wá kọ́ ọmọ mẹ́wàá lórí ẹní láti ọdún dé ọdún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín pé eré ni ẹ fi bò ó. Eré ló gbé ìdè ọwọ́ Wigan dé Tokyo.